Ìkọ́kọrẹ́ Ọjọ́ Òbí

Ìyá àgbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́wọ́ lé ọmọrí ìkòkò mi, kò ṣí i, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Oòrùn ọ̀sán ti mú, èéfín igi tútù ń ta gbogbo wa lójú, òórùn epo àti ẹja yíyan sì gba gbogbo àgbàlá ilé-ìwé kan. Ètè ìyá àgbà náà ti gbẹ, ó funfun, nítorí ó ń gbààwẹ̀. Tíṣà wa obìnrin, tí a ń pè ní Mísì, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, àwọn òbí tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sì yíjú sí wa.

Ìkòròdú la wà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì ń yan ẹja, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kiri àwọn ọjà etí ọ̀sà. Òun ló mú mi wá sí Èbúté Ìkòròdú, tó fi mí sọ́dọ̀ ìyá àgbà yìí kí n lè kàwé. Kò bí ìyá mi, kò bí bàbá mi, kò tilẹ̀ bímọ rárá. Ọjà ló mú òun àti ìyá mi mọra.

Gàrí ló ń yan. Mo máa ń jí sí ìró igbá tó fi ń ru ú nínú agbada, ṣàà, ṣàà, àti òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tí a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àpò. Kì í sọ̀rọ̀. Ó lè yan gàrí láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ju “Koná sí i” lọ. Tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń sunkún ìyá mi sábẹ́ aṣọ. Kò sọ fún mi rí pé òun gbọ́, àmọ́ ó máa ń wúkọ́ díẹ̀, kí n lè mọ̀ pé òun náà ò tíì sùn.

Ilé-ìwé wa yẹn, wàhálà rẹ̀ kì í tán lóṣù. Bí oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn á yẹ èékánná àti etí wa wò, a ó sì kó ìgbálẹ̀ wá. Tó bá yá, àwọn bàbá á wá ṣán koríko. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá wá, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tu ú, ìyẹn èmi. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Òbí, Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ló burú jù. Àwa ọmọbìnrin kíláàsì òkè á dáná ní àgbàlá, òbí oníkálùkù á tọ́ ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀ wò lójú gbogbo ayé, á sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kí Mísì tó fún ọmọ ní máàkì. Ìkòkò tí ará ilé ẹni kò bá tọ́ wò, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Á bá olúwa rẹ̀ padà sílé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbé tèmi padà rí, lọ́jọ́ tí ìyá àgbà lọ sọ́jà. Ojú tì mí dé egungun.

Oṣù tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ bọ́ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń da ewùrà tí mo ti rin sínú omi ata àti epo tó ń hó, ojú mi kò kúrò ní géètì. Mo bu iyọ̀ sí i, mo wo géètì. Mo tún bu iyọ̀, mo tún wo géètì. Nígbà tí mo rí ìborùn rẹ̀ níkẹyìn, inú mi dùn débi pé n kò rántí pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í tọ́ ọbẹ̀ wò.

“Màmá, díẹ̀ lásán ni,” Mísì wí. “Ẹ kàn fi kan ahọ́n.”

“Mo gbààwẹ̀.”

Obìnrin kan láti orí bẹ́ǹṣì ní, “Ọlọ́run á fojú fò ó, Màmá.”

“Òun lè fojú fò ó. Èmi ò ní fojú fò ó.”

“Ó ti yé mi, Màmá,” Mísì wí, “àmọ́ òfin ni. Ìkòkò rẹ̀ á padà nìyẹn.”

“Kò níí padà. Oòrùn ò ní sùn síbi tó wà yẹn. A ó dúró dè é.”

“Ilé-ìwé á ti tì nígbà náà.”

“Ilẹ̀kùn lẹ ó tì. Ta ní ń ti àgbàlá?”

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn lọ, oníkálùkù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Mísì náà wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ku èmi, ìyá àgbà àti ìkòkò. Iná kú, ìkọ́kọrẹ́ tutù, ó dì. Ìyá àgbà ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kí ìrun Alásárì lé e lórí. Ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo nínú ọ̀pẹ. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó gbààwẹ̀ pé ebi ń pa òun? Mo wo ọ̀nà tó lọ sí èbúté títí, bí ẹni pé ìyá mi lè yọ. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ó ní, “Jókòó.”

Nígbà tí ládàánì pèrun, ó mu omi, ó ní “Bísímílà,” ó sì bu ìkọ́kọrẹ́ sẹ́nu. Mísì ti jáde, ó ká apá mọ́ àyà.

“Màmá, báwo ló ṣe rí?”

Ó jẹ ẹ́ mì. “Iyọ̀ pọ̀.”

Ó tún bu òmíràn. “Iyọ̀ pọ̀ gan-an ni.” Ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

“Ẹ fi sílẹ̀, Màmá, ó ti tó.”

“Ọmọ mi ló sè é. Ṣé kí n dà á nù ni?”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀, “ọmọ Ẹ̀pẹ́” ló ń pè mí. Mo bú sẹ́kún. Mísì fi ṣọ́ọ̀kì kọ máàkì sára ìkòkò mi. Kò pọ̀, n kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. A jọ jẹ ìyókù ni, a sì mu omi títí.

Ó ti pẹ́ tó ti kú. Èmi náà ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà yẹn lọ, àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n ká. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn ẹni lè ṣàì purọ́ fún ẹni, kó sì jẹun ẹni tán. Mo ṣì máa ń se ìkọ́kọrẹ́, ìwọ̀nba tó máa tó ẹnì kan. Màá tọ́ ọ wò fúnra mi, màá ní ó dára. Kò sẹ́ni nínú ilé tí yóò bá mi jiyàn.