Gìtá Kan, Bàbá Méjì ní Erunmu

Ohùn kan tó jọ ẹkún tó tún jọ ẹ̀rín ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Erunmu. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù mi dé ilé tí mo fẹ́ máa gbé, oòrùn ọ̀sán ń ta lórí páànù, mo ń gbálẹ̀ yàrá mi lọ́wọ́, ni mo bá gbọ́ ọ láti yàrá iwájú. Ó gbéra nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń gòkè, ó ń fà bí oyin ṣe ń fà lẹ́nu ọ̀pá, ó wá dúró sókè níbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ẹnìkan ń sunkún ni. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn, mo ní, “Ṣé kò sí nǹkan o?” Ohùn àgbàlagbà kan dáhùn pé, “Gìtá ni, ọmọ mi. Wọlé.”

Bàbá onílé mi ni wọ́n jókòó níbẹ̀. Gìtá tí mo bá níwájú wọn kò jọ èyí tí èèyàn ń gbé kọ́ ọrùn rárá. Ó nà gbalaja lórí ẹsẹ̀ irin bíi tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́, okùn wáyà tẹ́ lé e lórí, pẹ́dà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti máṣìnì ìránṣọ. Ẹni tó bá ń ta á á fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn, á fi ọwọ́ òsì wọ́ irin róbótó kan gba orí wọn, á sì máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dà. Irin ọwọ́ yẹn lè fa gbogbo okùn lọ sókè lápapọ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dà ló lè yí ohùn okùn kan padà kí àwọn yòókù sì dúró sí ipò wọn. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Nígbà kan, ẹgbẹ́ eléré jùjú tó bá mọ iyì ara rẹ̀ kò ní fẹ́ kí irú gìtá yìí má ké lẹ́yìn òun. Bàbá onílé mi fi í jẹun nígbà èwe wọn, wọ́n fi í rìn dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà gbá wọn lójú títì, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà náà. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ta á.

Èmi náà ka ara mi kún olórin nígbà yẹn. Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìbàdàn kí wọ́n tó gbé mi wá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Erunmu. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún Bàbá pé bọ́tìnnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù mi tó ń ṣe irú ohùn yẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Mo gbé e wá, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa, wọ́n ní, “Ó jọ ọ́, bí fọ́tò ṣe ń jọ èèyàn. Wá sọ fún un kó sunkún.” Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù mi kò sunkún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo ní aṣọ tuntun kan ṣoṣo ni mo ń fi yangàn níwájú ẹni tó ní àpótí àkísà.

Gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni àwọn àgbà onígìtá máa ń péjọ sí fàràńdà wa. Wọ́n ti pọ̀ rí. Àwọn kan ti kú, àwọn ọmọ ti kó àwọn mìíràn lọ sí Èkó, àwọn tó kù kò ju ẹni tí bẹ́ǹṣì kan gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ariwo! Wọ́n á máa jiyàn lórí orin tí wọ́n ta kí wọ́n tó bí mi bí ẹni pé àná ni. Okùn gìtá náà kò sí lọ́jà mọ́, wọ́n á tú wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́, wọ́n á fi rọ́pò, wọ́n á tún máa jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré parí aṣọ fífọ̀ mi ní Sátidé kí n lè ríbi jókòó.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìlú, ayẹyẹ ọdọọdún Erunmu, kù díẹ̀, ọmọbìnrin Bàbá, tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ọgbà, dé láti Ọlọ́runṣògo. Ó ní lẹ́yìn Ọjọ́ Ìlú, òun máa kó bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun, nítorí wọn kò lè dá gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àfi bó ṣe nawọ́ sí gìtá, tó ní, “Èyí ò lè wọ yàrá tí mo ní o, Bàbá. Àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e.” Kò fi ìkà sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà, kò rí bàbá rẹ̀ lójú agbo rí. Bàbá fa aṣọ bo gìtá. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹsẹ̀ tó mọ pẹ́dà ju gbogbo wa lọ ń bẹ ní Ìyànà Ọ̀fà. Àlàájì kan ni, adìẹ ló ń sìn báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n kì í bá Bàbá onílé rẹ sọ̀rọ̀.” Wọ́n wá sọ ìdí rẹ̀. Nígbà èwe wọn, Àlàájì ló ni àga onígìtá nínú ẹgbẹ́ eléré kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ aṣọ wọn, wọ́n dé òde eré, wọ́n sì bá Bàbá onílé mi lórí àga náà. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ti fi Bàbá rọ́pò Àlàájì láìsọ fún wọn. Bàbá kò dìde. Àlàájì yí padà, wọ́n lọ, kò sì sí ìkíni láàárín àwọn méjèèjì mọ́.

Mo kéré nígbà yẹn, mo gbà pé kò sí ìjà àgbà tí ìkúnlẹ̀ ọmọdé ò lè parí. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìyànà Ọ̀fà. Mo bá Àlàájì láàárín adìẹ, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ fìlà wọn.

“Àsàlámù àlékùm, sà. Tíṣà ni mí, láti Erunmu. Ilé onígìtá ni mo ń gbé.”

Wọn kò gbójú sókè. “Òun ló rán ẹ?”

“Rárá, sà. Wọn ò mọ̀ pé mo wá.”

Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn: ẹsẹ̀ tó kú, Ọjọ́ Ìlú, ọmọ tó fẹ́ kó wọn lọ. Wọ́n ń da oúnjẹ adìẹ lọ ní tiwọn. Ìgbà tí mo dé orí àwọn tó ń ra irin ni ọwọ́ wọn dúró.

“Wọ́n fẹ́ gbé gìtá fún àwọn onírin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Máa lọ sílé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì kẹ̀yìn sí mi.

Mo padà tòun ti eruku àti ìtìjú. Àmọ́ ní Sátidé, ọ̀kadà kan dúró níwájú fàràńdà wa, Àlàájì sọ̀ kalẹ̀. Àlàájì kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà sídìí gìtá, wọ́n fi ìka tó ń gbọ̀n ta okùn kan.

“Okùn yìí ti lọ sílẹ̀. Ta ló yí i báyìí?”

“Èmi ni,” ni Bàbá dáhùn. “Bí mo ṣe ń yí i láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.”

“Ọjọ́ pípẹ́ lo ti ń yí i kù-díẹ̀-káàtó!”

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ògiri mú, wọ́n fẹ́ dìde. Wọ́n ní, “Wá jókòó. Ó yẹ kí n ti dìde fún ẹ lọ́jọ́ yẹn.”

“Má dìde mọ́,” ni Àlàájì wí. “Sún díẹ̀.”

Bàbá sún, Àlàájì jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Eré ọ̀hún kò kọ́kọ́ ṣe é gbọ́ sétí. Ọwọ́ Bàbá á ti lọ, ẹsẹ̀ Àlàájì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀, wọ́n á sì dojú ìjà kọ ara wọn. “O pẹ́!” “Ìwọ lo yá jù!” Títí tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àlàájì kàn ń wo èjìká Bàbá. Bí èjìká bá ti mí, ẹsẹ̀ ti dé. Ohùn náà yí po láàárín wọn, ó sì ké. Awakọ̀ fẹ̀yìntì dìde, wọ́n jó láìsí ìlù kankan.

Lọ́jọ́ Ìlú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò, tí mo ti lọ bẹ̀, fún wa láyè díẹ̀ kí àwọn àlejò pàtàkì tó dé. Awakọ̀ fẹ̀yìntì gbé gìtá tiwọn kọ́rùn, èmi wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, àwọn bàbá méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, èjìká kan èjìká. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe pé, “Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ wà ni, Bàbá?” Bàbá gbé irin ọwọ́ lé okùn.

Ìgbà tí ohùn àkọ́kọ́ jáde nínú sípíkà, ẹ̀rín dúró. Ìgbà tí Àlàájì tẹ pẹ́dà, àwọn àgbàlagbà tó jókòó lábẹ́ ibòòji dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ń jó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fò sókè. Ọmọbìnrin Bàbá ti inú èrò jáde, ó wá dúró gbagidi níwájú wọn, ọwọ́ lẹ́nu, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí olóòtú ní kí a sọ̀ kalẹ̀, gbogbo pápá hó pé, “Rárá o!” Àwọn àlejò pàtàkì dé bá wa lórí ìjókòó, àwọn náà sì bá wa jó.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kúnlẹ̀ ní fàràńdà. Ó ní, “Bàbá, mi ò mọ̀ ni.” Kò tún dárúkọ irin àlòkù. Ó wá ẹni tí yóò máa dáná fún wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ sí Erunmu. Èmi náà gbé kíbọ́ọ̀dù mi tì, mo di ọmọ iṣẹ́. Bàbá ń kọ́ mi ní ọwọ́, Àlàájì ń kọ́ mi ní ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń bú mi.

Bàbá onílé mi ti papò dà báyìí. Ọmọ wọn ló gbé gìtá náà fún mi. Àwa tó ń ta á ní gbogbo agbègbè yìí kò pọ̀ mọ́, a mọ ojú ara wa; bí okùn bá já ní Mọ́níyà, a máa ń gbọ́ ní Erunmu. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Àlàájì kò gun ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, àwọn bàbá méjì yìí sì kọ́ mi pé àgbà náà máa ń wá ọwọ́ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àlàájì kì í jáde mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá, mo ta orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń gbọ́ èémí wọn.

“Ẹsẹ̀ rẹ yá jù,” ni wọ́n wí. “Tún un ta.”