Wọ́n Fi Orúkọ Odò Ọlọ́mù Sọ Àfòmọ́

Láti ìgbà tí Pauline Ọ̀ṣuntókí ti di opó, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Á ṣa ìṣáwùrú nínú odò Ọlọ́mù, nítòsí Moretan, á sè é, á yọ ẹran rẹ̀ kúrò nínú karawun, á sì gbé e lọ sí ọjà Anié. Òun ló fi rán Yannick, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, níwèé títí dé yunifásítì ní Lomé.

Lọ́dún kan ni ìṣáwùrú bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí Pauline bá ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, karawun òfìfo ló ń bá, tàbí ẹran tó ti rà. Yannick wá bu díẹ̀ nínú ẹran náà sínú ìgò, ó ní àwọn ọ̀gá òun ní yunifásítì á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ̀ wá ń sọ káàkiri abúlé pé oògùn ń bọ̀.

Láti Lomé, Yannick gba ilẹ̀ Faransé lọ láti máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ọdún sì gorí ọdún kí ó tó padà wálé. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní àfòmọ́ kan, ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí tó ń gbé inú ara ẹlòmíràn, ló ń pa ìṣáwùrú, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀. Láyé àtijọ́, kí ènìyàn tó dáyé, àwọn baba ńlá àfòmọ́ náà kì í jẹ ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ara wọn bí ewéko. Ìgbà tí wọ́n rí ọ̀nà wọ ara ẹlòmíràn ni wọ́n pa iṣẹ́ náà tì, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ò tíì parẹ́ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ya Pauline lẹ́nu lóòótọ́. Nígbà tó ṣe, ó béèrè oògùn.

“Kò sí oògùn, Màmá.”

“Ṣé ẹ wá a, tí ẹ ò rí i?”

Yannick wolẹ̀. “A ò wá a. Ìran àfòmọ́ náà ni àwọn ọ̀gá wa ní ká tọpa.”

Ó sáré fi kún un pé wọ́n ti fi orúkọ odò náà sọ àfòmọ́ ọ̀hún, gbogbo ayé ló máa mọ̀ ọ́n.

“Ẹ wá fi orúkọ odò wa sọ ohun tó jẹ ẹ́ run,” ni Pauline wí, ó sì dìde.

Kò pẹ́ tí rédíò fi dárúkọ àrùn Ọlọ́mù. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ ará abúlé wọn ní Anié mọ́, títí kan gààrí. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Pauline kó lọ sí Atakpamé, ó ń fọ abọ́ fún olóúnjẹ kan lẹ́bàá ibùdókọ̀.

Bí Yannick, tó ti padà sí òkè òkun, bá pè, Pauline á gbé fóònù. Á bi í bóyá ó ti jẹun. Kì í béèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe.