Yàrá Ìyá Mi Nínú Ilé Èrò Bàbá Súfù

Òórùn amọ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ni kì í jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwọn ará iwájú ilé wa níbí ní Ẹ̀gbẹ́dá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, òjò sì rọ̀ sínú rẹ̀ lánàá. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé òórùn yẹn wá báyìí, ojú mi kúrò lára kọ́ńkéré àti wáyà iná, ó bọ́ sínú ilé èrò Bàbá Súfù lápá Akówọnjó, níbi tí wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ ilé èrò. Ó yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko obì ló pọ̀ níhìn-ín. Àwọn oníṣòwò obì á sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Agége, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọnú oko, ọ̀dọ̀ Bàbá Súfù ni wọ́n sì ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá Súfù ti ṣe lébìrà nídìí rélùwéè kó tó di onílé. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin débi pé ó ní kí wọ́n kọ́ ilé òun bí ẹni pé ọkọ̀ náà ló yà kúrò lójú irin, tó wá sinmi sábẹ́ igi obì. Jímọ̀ mọlémọlé tó kọ́ ọ kò sì wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Igi ni Bàbá fi ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un.

Ilé náà gùn gbọọrọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ò gba àárín bíi ti ilé àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàrá mẹ́rìnlá sì tò tì í. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn débi pé èmi àti Kúdí, ọmọbìnrin Bàbá Súfù, lè jókòó sójú fèrèsé kan ká kọjú síra wa. Pákó dúdú tí wọ́n yọ lábẹ́ irin rélùwéè ni wọ́n fi ṣe àjà. Bí oòrùn bá mú, á máa rùn bí ọ̀dà. Bàbá ò jẹ́ kí yàrá kan tóbi ju èkejì lọ, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn kan yàtọ̀. Ó ní ta ló ti rí ọkọ̀ tí kóòṣì kan ga ju ìkejì rẹ̀ lọ.

Àwọn èrò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Sàká ará Ìlọrin ò ní wọlé láìsọ pé, “Súfù, ọkọ̀ rẹ yìí mà ti pẹ́ ní tésàn o.”

Bàbá á ní, “Ìwọ lo ń rìn, Sàká. Tèmi ń dúró dè ọ́ ni.”

Kò sí nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn. Orúkọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀ la fi ń pe yàrá: yàrá Sàká, yàrá Ìyá Ọ̀fà, yàrá Láwàní tó máa ń han-anrun bíi màlúù, lẹ́yìn ìyẹn yàrá ìyá mi.

Ràbíátù ni ìyá mi ń jẹ́. Obì ló wá rà láti Ògbómọ̀ṣọ́, oyún mi sì dá a dúró. Ó ń gbálẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún àwọn èrò, títí ó fi kú nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tán. Lèmọ́mù ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn oko, pé ọmọ onílé nìkan ni wọ́n ń sin sínú ilé. Bàbá Súfù ní, “A kì í lé èrò jáde nílé èrò.” Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ilẹ̀ náà padà, ó dán, kò sí àmì kankan.

Mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn, mo pẹ́ níbẹ̀. Kí n tó dé, títì ti gé iwájú ilé náà, ṣọ́ọ̀bù sì ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní gbogbo Iléyá, Kúdí á ní, “Máa bọ̀ jàre, aláìnílé, ìyá ẹ ń retí ẹ.” Á ṣáájú, èmi á tẹ̀ lé e. Mi ò ka ilẹ̀kùn rí. Kí ni mo fẹ́ kà á fún, nígbà tí Kúdí wà?

Kúdí kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà. Wásíù, àkọ́bí rẹ̀, wá gbé mi pé kí n wá fi ibi tí ìyá mi wà hàn wọ́n, kí wọ́n lè gbé e lọ sí itẹ́ òkú kí katakata tó dé ibẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé, katakata ti débẹ̀. Òrùlé ti lọ, ògiri ti lọ.

“Àárín ni,” mo sọ fún wọn.

“Àárín ibo, Bàbá?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: Sàká, Ìyá Ọ̀fà, Láwàní. Ṣùgbọ́n níbo ni yàrá Sàká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé yàrá méjì ni títì gé, àbí mẹ́ta? Wọ́n gbẹ́ ibì kan, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n gbẹ́ ibòmíràn, àpáàdì ni. Ọmọkùnrin tó ń wa katakata fún mi lómi mu, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀gá wa ti ń pè.” Wásíù ń wojú mi. Mo gbé ọ̀pá mi, mo fi kan ilẹ̀.

“Ibí ni.”

Erùpẹ̀ dúdú ni wọ́n bá. Wásíù ní ìyá mi ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n ti di iyẹ̀pẹ̀. A di í sínú aṣọ funfun, a gbé e lọ sí itẹ́ òkú, àlùfáà ṣàdúà. Wásíù sunkún, ó ní ọkàn ìyá òun á balẹ̀ wàyí. Mi ò sọ fún un pé mi ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni.

Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà máa wà lára gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ṣìnà. Ní Iléyá tó kọjá, mo lọ sí itẹ́ òkú, mo kí ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi gba Akówọnjó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Géètì-máànù jáde, ó ní, “Bàbá, ta lẹ ń wá?”

Mo ní mo kàn ń kọjá ni. Nígbà tó wọlé, mo kí ìyá mi níbẹ̀ náà.