Díìsì Mẹ́rin Orí Tábìlì

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn. Mò ń sá aṣọ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí.

"Ìyá Ilé," ó ní, "mo ti rí káàdì náà. Irú ẹ̀ gan-an ni. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan orí tábìlì o."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Èmi tí mò ń gbé abọ́ lé itan jẹun láti ìjẹta nítorí tábìlì rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fara dà á. Tí mo bá ti dé, wàá padà máa jókòó jẹun bí olówó."

Mo ní kó ra ọṣẹ bọ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì pa fóònù.

Iwájú ìsọ̀ tó ti ra káàdì yẹn ló ṣubú sí. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn èèyàn máa ń fi òwe tù wá nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tèmi, agbè náà fọ́.

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọdé bá ń sáré, "Pẹ̀lẹ́." Bí ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbòde, ó fi rédíò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn to sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọ́fíìsì ń tọ̀ lọ bí wọ́n bá fẹ́ mú nǹkan tàbí kó nǹkan pa mọ́, bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ sílé olórí ẹbí. Ó ní bàtà rọ́bà kan tó fi ń ṣiṣẹ́, kò jẹ́ fi bàtà ọ̀hún wọ ilé ìwẹ̀ láéláé. Inú ike tí wọ́n ń kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí ló ń kó àwọn ìtúdè rẹ̀ wẹ́wẹ́ sí. Kó tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ kankan, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin fèrèsé, kí iná ara rẹ̀ má baà ba nǹkan jẹ́. Bí mo bá rí i tó ń fọwọ́ pa fèrèsé báyìí, mo máa ń bi í léèrè bóyá òun àti fèrèsé ń fẹ́ra ni.

Ìwé díẹ̀ ni mo kà. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí mo ti ń tú aṣọ rán nínú pálọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn oníbàárà bá wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá tó ni ilé kékeré tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun àti inú àyà, ní ìparí òpópónà wa. Ìyá Ẹ́síréè là ń pè é. Ó wá sọ́dọ̀ wa nígbà tó fẹ́ ra sáfà tí yóò máa kó àwòrán àwọn aláìsàn pa mọ́ sí.

Ó ní, "Bàbá Pẹ̀lẹ́, ẹni tó ń tà á ní kọ̀ǹpútà yìí ti ní tiẹ̀ lára tó fi ń darí díìsì. Kí ni mo tún fẹ́ fi káàdì ọ̀tọ̀ ṣe?"

Ọkọ mi ní, "Ìyá, èyí tó ní lára yẹn, ẹ ṣáà wò ó bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ ní kó máa dáná, kó tún máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá pọ̀, ọbẹ̀ á jóná. Káàdì tí mo ní kí ẹ rà yìí, iṣẹ́ díìsì nìkan ni tiẹ̀. Ṣé iná máa ń lọ ní ìsọ̀ yín?"

"Ibo ni iná kì í ti í lọ?"

"Ó dáa. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì lórí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti sọ fún káàdì, tí kò tíì ráyè kọ sórí díìsì kí iná tó lọ, bátìrì yẹn ni yóò bá a rántí rẹ̀."

Ó ní kó ra díìsì mẹ́rin, àwọn irin pẹlẹbẹ tí sáfà ń kọ nǹkan pa mọ́ sí. Ó ní káàdì kò ní kó odindi àwòrán kan sínú díìsì kan. Yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò pín in ká orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì tún fi àmì sí i, débi pé bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù á lè sọ ohun tó wà lórí òkú. Réèdì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹ́síréè ní, "Bí méjì bá kú ńkọ́?"

"A ó jọ máa wo ara wa lójú ni."

Mo gbójú sókè láti ìdí aṣọ tí mò ń rán. Mo ní, "Àbí kò sí èyí tó mọ ọ̀rọ̀ délẹ̀ nínú wọn ni?"

"Kò sí o, Ìyá Ilé. Ó dà bí ẹbí mi."

A rẹ́rìn-ín. Kí ìyá náà tó lọ, ọkọ mi tún kìlọ̀ fún un pé réèdì kì í ṣe ẹ̀dà, kó wá ibòmíràn tí yóò máa da gbogbo rẹ̀ kọ sí. Ìyá Ẹ́síréè ní òun gbọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀. Àṣé gbogbo oṣù ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ oṣù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sáfà náà sin ìyá yìí dáadáa fún ọdún bíi mélòó kan. Ìgbà tó yá ni bátìrì orí káàdì wú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Káàdì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wéréwéré, sáfà ń ké, kò sì jẹ́ kí wọ́n rí àwòrán kankan mọ́. Ọkọ mi gbé e wá sílé. Ó yọ díìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú àpótí sáfà, ó tò wọ́n sórí tábìlì ìjẹun, ó nu eruku ara wọn. Ó ní káàdì tí òun ó fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ti tẹ́lẹ̀, nítorí káàdì ẹ̀yà mìíràn kò ní mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe pín nǹkan. Ó wá a káàkiri.

Ìyá Ẹ́síréè yọjú ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi jáde kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é kíá o. Dókítà ń dúró de àwòrán àyà jórinjórin." Jórinjórin yìí ni ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Dókítà rí òjìji kan nínú àyà rẹ̀. Ó fẹ́ wo àwòrán èṣí láti mọ̀ bóyá ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí ó ń dàgbà. Bó bá ti wà níbẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bó bá ń dàgbà, wọ́n á la àyà ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pé kí n wá kó ẹrù rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi àgbà la jọ lọ. Wọ́n kó o fún wa nínú ọ̀rá: aago rẹ̀, bàtà, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé kúrò lára rẹ̀. Káàdì náà wà nínú páálí rẹ̀, kò tilẹ̀ tẹ̀. Mo gbé e lé àyà bọ̀ nínú ọkọ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé ó kéré tán, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó gbẹ̀yìn kò ní bàjẹ́.

Nígbà tí a wọlé, àwọn ẹbí ọkọ mi ti nu tábìlì. Wọ́n gbé òdòdó ike lé e láàárín.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Àgbà, jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. A ti parí ọ̀rọ̀ ẹrù. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí ẹnì kejì nínú ilé yìí."

Mo ní, "Bàbá, níbo ni nǹkan orí tábìlì wà?"

"A ti pín in. Mẹ́rin ni wọ́n: èmi ọ̀kan, àbúrò mi atukọ̀ ọ̀kan, àwọn ọmọ rẹ méjèèjì, ọ̀kan ọ̀kan. Kò lé, kò dín. Àbí èwo ló tún tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Àpótí wọn ńkọ́?"

"Ìyẹn wúwo. A fi sílẹ̀ fún ọ."

Mo jókòó. Mo ní, "Kì í ṣe tiẹ̀, Bàbá. Ti Ìyá Ẹ́síréè ni. Ó gbé e wá tún ṣe ni."

Ó wò mí títí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ìyàwó, ṣé a ṣe é láìdáa ni?"

Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ìjà tó ti ba ẹbí àwọn ẹlòmíràn jẹ́ ló sá fún tó fi pín in dọ́gbadọ́gba. Ó dìde, ó lọ sínú yàrá, ó mú tiẹ̀ wá, ó ti fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ti ọmọ mi àgbà wà nínú báàgì rẹ̀ tó fi sílé, wọ́n ti bá a kó o sí i. Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo pe ọkọ ọmọ mi kékeré, nítorí òun ló mú ti ìyàwó rẹ̀ lọ.

"Màámi, ẹ kú àárẹ̀. Mo ti fi sínú kọ̀ǹpútà mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun kankan tó ṣeé kà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun fọ̀ ọ́ kó ṣófo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ní, "Ṣé òfìfo ló wà báyìí?"

"Rárá, Màámi. Mo ti kó eré bọ́ọ̀lù kún un. Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Kò sí, ọmọ mi," ni mo sọ. Kí ni n bá sọ?

Atukọ̀ ti lọ bá ọkọ̀ òkun rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Alápárá ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà kì í sì í pè é ní ohun mìíràn ju ọkọ mi. Mo pè é ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó, ọkàn rẹ balẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi wé e, ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ ni o. Mo fẹ́ kí n ní nǹkan ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́."

"Tí a bá ti gúnlẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó ní òun ti gbàgbé báàgì kan sí ilé tí àwọn sùn kí àwọn tó ṣí, pé inú rẹ̀ ló wà, òun ó yà mú un bí àwọn bá ń padà bọ̀. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n yí ọ̀nà ọkọ̀ wọn padà. Nísinsin yìí, bí mo bá pe fóònù rẹ̀, obìnrin kan ni yóò sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Èmi náà mọ̀ pé kò sí nítòsí.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Wáyà là ń pè é, ló wá bá wa gbìyànjú. Ó fi káàdì tuntun sí àpótí, ó fi díìsì méjì tí ẹnikẹ́ni kò bà jẹ́ sí i, ó fi èyí tí ọkọ ọmọ mi fọ̀, tó ti dá padà, sí i. Ó tan iná. Ìkọ̀wé jáde lójú ẹ̀rọ, ó sì ń kà á sínú.

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Káàdì náà dáa, Màámi. Ó ti dá méjì mọ̀. Ó ní mẹ́ta ló yẹ kí òun rí kí òun tó lè sọ̀rọ̀."

"Àti ẹ̀kẹta tó wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyẹn ò rántí nǹkan kan mọ́. Bọ́ọ̀lù ló kù lórí ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Èyí tó wà lọ́wọ́ atukọ̀ ni nǹkan kan ṣoṣo tó kù. Bí wọ́n bá gbé e dé, kò ní gbà mí ju kí n jókòó lọ."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún baà pín in.

Ìyá Ẹ́síréè kò bú mi. Ìbá sàn fún mi bó bá bú mi. Ó máa ń wá jókòó, á wo àpótí yẹn, á ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á." Àwọn aláìsàn ti ń lọ sí ibòmíràn. Ó ti ra ẹ̀rọ ìdàkọ tí ọkọ mi kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ báyìí, ó gbé e sórí kọ́ńtà, kò sí ohun tí yóò dà kọ sí i.

Jórinjórin máa ń bá a wá nígbà mìíràn. Ọkùnrin tó sanra ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi yọjú wo inú àpótí yẹn, bóyá àyà mi wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Kò pé ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní dókítà ti ń sọ pé bóyá kí àwọn kúkú là á wò, nítorí dídúró náà ní ewu tiẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n má là á. Ó bi mí léèrè pé kí ni èmi rò. N kò lè rò ó fún un. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

Mo pe atukọ̀ ní àárọ̀ yìí, kò wọlé. Díìsì méjì tó ṣì rántí nǹkan ló wà nínú àpótí náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ atukọ̀ kò tíì dé, wọn kò sì tíì rí àwòrán èṣí jórinjórin wò.