Ìpara Ètè Tí Mo Sè ní Ilé Ìyá Mi

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣojú àánú sí ẹnikẹ́ni ní Bassila, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ètè tèmi gan-an ló dìídì bá wá. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á là. Bí mo bá jẹ ata, omi á bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ṣimíì, ẹ̀kọ́ nípa àwọn èròjà, mo ń sọ̀rọ̀ lórí ásíìdì, ẹ̀jẹ̀ sì rọra ṣàn láti ètè mi dé àgbọ̀n láìjẹ́ pé mo mọ̀. Àwọn ọmọ náà kàn ń wò mí. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ló wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà tí mo délé, tí mo wo dígí, ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìpara ètè tí mo rà ní fàmasí ti tán. Mo ti fi igi ìṣáná ha ìdí rẹ̀ títí tí kò fi sí ohun tí igi ìṣáná lè rí mọ́. Bí mo bá gbọ́n ni, ǹ bá lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò kan lórí tẹlifóònù mi, níbi tí obìnrin kan ti ń se ìpara tirẹ̀ nínú ilé ìdáná tí ó mọ́ tónítóní. Òrí, ìda oyin, òróró àgbọn, ó parí. Mo wá ń bi ara mi pé: èmi olùkọ́ ṣimíì, ọmọ Manigri, tí ìyá mi ń po òrí kí wọ́n tó bí mi, ṣé èmi ni kò wá ní lè ṣe ohun tí obìnrin yìí ń ṣe?

Ohun tó bàjẹ́ jù ni pé mo sọ ọ́ síta. Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kọlẹ́ẹ̀gì ni a ń pe ara wa, ìtàn àti jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ètè tirẹ̀ náà ti là.

Mo ní, “Kọlẹ́ẹ̀gì, ẹ má ra ìpara mọ́ o. Tèmi lẹ ó máa lò láti ọ̀la lọ.”

“Ṣé ẹ ti ṣe é rí ni?”

“Ṣimíì kọ́ ni, kọlẹ́ẹ̀gì?” Mo sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ́ pé òun ló dá ṣimíì sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Mo ra ìda lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta oyin, mo ra òróró àgbọn lọ́jà, mo gun ọ̀kadà zẹ́mì, ó gbé mi lọ sí Manigri. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iṣu tó fẹ́ ṣà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kó tó dáhùn, ó ti wo ẹnu mi.

“Kí ló ṣe ẹnu rẹ?”

“Ọyẹ́ ni, Màmá. Òrí ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.”

Ó wọlé, ó gbé igbá òrí jáde, ó fi ìka bu díẹ̀, ó sì na ìka náà sí ẹnu mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Mo fà sẹ́yìn.

“Kì í ṣe báyẹn, Màmá. Mo fẹ́ sè é ni.”

“Kí lo tún fẹ́ sè nínú rẹ̀? Ó ti jinná.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní òrí nìkan máa ń tètè yọ́ lẹ́nu, pé ìda ló máa dì í mú, pé òróró àgbọn ló máa jẹ́ kó dán. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ó ní, “Má fi ìda kan ìkòkò ọbẹ̀ mi o,” ó sì mú ìborùn rẹ̀, ó lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ní agbo ilé kejì.

Mo wá ohun tí n óò fi sè é nínú gbogbo ilé ìdáná. Ìkòkò ọbẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo rí. Mo wá yọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí agbada kékeré kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí òkúta. Nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ yíká. Mo rò pé èéfín ni. Mo da omi sí i, mo fi ewé nù ún, nígbà tí kò kúrò, mo ní kò burú, iná á pa ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀.

Mo gbé agbada náà ka iná, mo da ìda, òrí àti òróró sí i. Wọ́n yọ́ dáadáa. Àdàlù náà tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń pọ́n bọ̀ bí oyin, ó sì ń ta sánsán bí ohun tí a yan. Inú mi dùn gan-an, torí pé ti obìnrin inú fídíò kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo dà á sínú àwọn agolo pẹlẹbẹ, mo sì gbé wọn síbi tó tutù kó lè dì.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ kọlẹ́ẹ̀gì mi, tó wá ra iṣu ní Manigri, yà kí wa. Mo fi agolo kan rán an sí ìyàwó rẹ̀. Èmi náà fi tèmi pa ètè nípọn kí n tó sùn. Ó ta mí díẹ̀. Mo ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ yán, ẹnu mi kò yà. Mo fọwọ́ kàn án. Ètè òkè ti wú dé ìdí imú, ti ìsàlẹ̀ sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó ń gbóná bí ẹni pé wọ́n fi ẹyin iná sí i. Mo jáde sí gbàgede.

Ìyá mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló lù ọ́?”

Mo na ìka sí agolo. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ìkòkò wo lo fi sè é?”

Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi agbada hàn án. Ó ká ọwọ́ lérí.

“Agbada tí mo fi ń yan kajú! Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ baba rẹ̀ ní Manigri yìí kì í fọwọ́ kan agbada yẹn!”

Òótọ́ ló sọ. Bí a bá ń yan kajú tòun ti èèpo rẹ̀, epo dúdú tó ń jáde lára èèpo náà máa ń bó ènìyàn lára. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti bó ìka mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èyí tó wá tini lójú jù ni pé mo ti kọ ọ́ sójú pátákó rí, mo sì fi í béèrè ìbéèrè nínú ìdánwò.

Ìyá mi fi ọṣẹ dúdú àti omi tútù fọ ètè mi, ó sì fi òrí lásán pa á. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni mo tó rántí agolo tí mo fi ránṣẹ́. Mo pe kọlẹ́ẹ̀gì mi kíákíá. Mo fẹ́ sọ pé, “Ẹ má fi pa ètè o!” Ṣùgbọ́n ètè òkè kò pàdé ti ìsàlẹ̀ mọ́. Ohun tó jáde ni, “Hẹ há hi ha hètè o!”

Ó ní, “Ẹ̀rín lẹ ń rín, kọlẹ́ẹ̀gì? Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ti fi pa láàárọ̀ yìí. Ó mà dára o! Mo tún ti fi pa ọmọ mi.”

Ọmọ rẹ̀! Mo dìde lọ́gán. Ìyá mi fi ewé di òrí fún mi, ó sì bá mi dá zẹ́mì dúró torí pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Láti Manigri dé Bassila, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lu ètè mi, omi ń jáde lójú mi, mo sì ń ro ohun tí n óò wí fún baba ọmọ náà.

Mo bá wọn nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ètè ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan. Ti ìyá rẹ̀ là bó ṣe là lọ́jọ́ Ẹtì, kò wú rárá. Kọlẹ́ẹ̀gì mi rí mi, ó pariwo. Mo ń na ìka sí ètè mi, mo ń na ìka sí tirẹ̀, mo ń jùwọ́. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yé. Ó wọ yàrá, ó gbé agolo náà jáde. Ọ̀rá tí mo fi wé e ṣì wà lára rẹ̀. Wọn kò tíì tú u.

Kọlẹ́ẹ̀gì mi wolẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òórùn rẹ̀ gba inú ọ̀rá jáde, mo bá purọ́ pé mo ti lò ó. N kò fẹ́ kó dùn yín.”

Mo dì mọ́ ọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, bí mo bá sì ti rín in, ètè á tún là sí i. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mi mú, mo ń mì jìgìjìgì. Ọmọ náà rò pé ẹkún ni, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ìborùn bo ẹnu wọ kíláàsì, mo sì kọ ẹ̀kọ́ sójú pátákó láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ooru mú mi, mo tú ìborùn náà. Ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ní oko kajú dìde, ó ní, “Màdáàmù, ṣé kajú ló bó yín?” Kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó wò mí tó fi mọ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní oríṣiríṣi ohun tí ìyá kálukú wọn fi ń wo ibi tí epo kajú bá bó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ètè mi bó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, awọ tuntun sì jáde. Kọlẹ́ẹ̀gì mi ní kí n bá òun gba òrí díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọwọ́ ìyá mi ni kí ó ti wá o, kí n má fi ohunkóhun kún un.