Míkísà Tí Kò Mọ Àgbà

Tí ẹ bá wọ ilé Ọláoyè l'Ádó-Èkìtì, ẹ kò lè ṣi iyọ̀ mú fún ṣúgà. Ó ti kọ "iyọ̀" sára agolo iyọ̀, ó ti kọ "ṣúgà" sára ti ṣúgà, èyí tó sì ṣófo, ó kọ "òfìfo" sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà dá ara rẹ̀ láàmú. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ìwé girama kan nílùú, ó sì gbà pé bí a bá ti kọ orúkọ nǹkan sí i lára, ìdajì wàhálà ayé ti tán. Fúnkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ó kàn máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń retí ọjọ́ tí òun yóò jí, tí òun yóò bá bébà lára òun.

Ìdajì wàhálà tó kù wà nídìí orin. Ọláoyè ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́ni mẹ́rin kan. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Adérẹ̀mí, tó ń ta sìmẹ́ńtì, ló ń lu dúrọ́ọ̀mù. Bàbá Ayọ̀rìndé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, ló ń ta gìtá. Mosúnmọ́lá, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń kọrin. Ìsìn ìkórè ni o, ìdúpẹ́ ni o, ọdún ìjọ ni o, wọ́n ti ṣeré káàkiri àárín Èkìtì.

Wọn kò ní ẹni tó ń bá wọn ṣètò ohùn. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń sùn tí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, kì í sì í jí tí ìwàásù bá parí. Ẹnì kejì kì í sùn rárá. Òun, tí Ẹ̀mí bá ti gbé e báyìí, á fi míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣètò ohùn, sílẹ̀, á bọ́ sáàárín ijó. Ni wọ́n bá gbé míkísà lọ sórí pèpéle, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù Ọláoyè níbi tí ọwọ́ gbogbo wọn ti lè tó o, wọ́n ní ẹni tó ń ṣeré ló mọ ohun tó ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Pásítọ̀ á dìde, á ní, "Ẹ gbé e ga!" Jésù ni pásítọ̀ ń wí. Adérẹ̀mí á gbé dúrọ́ọ̀mù ga. Ọláoyè fúnra rẹ̀, ká má purọ́, á gbé kíbọ́ọ̀dù ga díẹ̀. Bàbá Ayọ̀rìndé á na ọwọ́ gígùn, á ti ọ̀pá kékeré tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ ga lórí míkísà títí dé òkè pátápátá. Tí pásítọ̀ bá wá ní kí gbogbo wa dákẹ́ níwájú Olúwa, kò sí ẹni tó máa ń rántí sọ nǹkan kan kalẹ̀.

Ti Adérẹ̀mí rọrùn. Èèyàn lè sọ fún un pé kó rọra, kó sì rọra. Ti Bàbá ni kò rọrùn. Ẹni ogójì ọdún ni Ọláoyè, Bàbá Ayọ̀rìndé ló sì kọ́ ọ lórin láti ìgbà tó ti ń fi ìka kan ṣoṣo wá ohùn kiri lórí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé gìtá rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ọláoyè ti wá ọ̀rọ̀ náà títí. "Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀" dà bí ẹni pé Bàbá ń gbéra ga. "Ẹ dín in kù": ta ló ń sọ fún àgbà pé kó dín kù? "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ru ẹrù ẹlẹ́rù. Èdè tó ní ọ̀nà ogún láti kí ẹni tó jókòó, kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti sọ fún àgbà pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Kí Ọláoyè sì na ọwọ́ sí ọ̀pá gìtá náà fúnra rẹ̀, kó fà á wálẹ̀ níṣojú ìjọ? Gbogbo ìlú á ti rí i pé ọmọ fa bàbá wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, nígbà tí míkísà àtijọ́ náà rú èéfín láàárín orin, tó sì kú. Ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn rò pé tùràrí ni.

Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Mosúnmọ́lá wá bá Ọláoyè.

"Bùrọ̀dá Ọláoyè, ẹ máa ra míkísà tuntun."

"Kò sí bí a ò ṣe ní í rà á."

"Ẹ ra èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń la ẹnu, tí mo ń pa á dé lórí pèpéle bí ẹja. Ọdún ìjọ ti Ìyìn-Èkìtì ló kù tí mo ti ṣèlérí. Tí wọn ò bá gbọ́ ohun tí mò ń sọ níbẹ̀, mo máa padà sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mi. Àwọn ò ní gìtá."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ló sì dẹ́rù ba Ọláoyè. Ohùn Mosúnmọ́lá kì í ṣe èyí tó ń fọ́ fèrèsé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, èyí tí èèyàn ń sún mọ́ láti gbọ́. Tó bá lọ, ohun tó kù ni ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gbé Jésù ga lórí ara wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọláoyè lọ sí ṣọ́ọ̀bù Olúgbénga lẹ́yìn Ọjà Ọba. Míkísà méjì ló wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni àwọn méjèèjì. Àkọ́kọ́ gbòòrò bí àtẹ, bọ́tìnnì sì kún ojú rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sílẹ̀. Èkejì kéré sí i, ó mọ́ tónítóní, ó ní ojú gíláàsì kékeré kan tó ń tàn.

"Tíṣà, eléyìí dà bí ọjà," Olúgbénga na ọwọ́ sí àkọ́kọ́. "Gbogbo ẹni tó ń tà ló jókòó ti ọjà rẹ̀. Ẹ na ọwọ́, ẹ mú u. Èkejì yìí, dìjítà ni, bíi kọ̀ǹpútà. Ó dà bí sẹkitéríàtì. Gbogbo ohun tí ẹ ń fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn."

"Tí mo bá kàn án ńkọ́?"

"Kò ní ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí sẹkitéríàtì."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ihò kan ṣoṣo ni àkọ́kọ́ ní fún sípíkà kékeré tí wọ́n ń gbé síwájú ẹsẹ̀ olórin kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Dìjítà ní mẹ́rin, ohùn tó ń jáde nínú ọ̀kan kò sì ní láti bá ti èkejì dọ́gba. Ti àkọ́kọ́, bí iná bá lọ tó sì padà dé, ojú ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Dìjítà á kọ́kọ́ jókòó, á ronú. Ọláoyè ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, torí pé Olúgbénga ti to àwọn ọ̀pá dìjítà náà síbi kan, ó tẹ bọ́tìnnì, ó da gbogbo wọn rú, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Àwọn ọ̀pá náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rìn padà sí ipò wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọláoyè mọ̀ pé mọ́tò kékeré ló wà lábẹ́ wọn. Físíìsì nìyẹn. Ohun tó ń rò kì í ṣe físíìsì.

"Ó há a sórí?"

"Ó há a sórí, Tíṣà. Bí ẹ bá ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà."

"Tún un ṣe kí n rí i."

Olúgbénga jẹ́ kó kó méjèèjì lọ dán wò, kó dá èyí tí kò bá fẹ́ padà. Lọ́jọ́rú, wọ́n fi àkọ́kọ́ ṣe ìdánrawò nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dára púpọ̀. Gbogbo ọwọ́ ló tó o. Kí orin kejì tó parí, ọ̀pá gìtá ti wà lókè pátápátá, Mosúnmọ́lá sì ti ń la ẹnu, ó ń pa á dé.

Lọ́sàn-án Sátidé, Ọláoyè gbé dìjítà wá. Ó ti dé ṣáájú àwọn yòókù, ó ti to gbogbo ohùn síbi tó yẹ, gìtá lábẹ́ ohùn Mosúnmọ́lá, ó sì ti kọ́ ẹ̀rọ náà kó há a sórí. Ẹ̀rọ náà béèrè orúkọ tó fẹ́ pe ètò yìí. Ẹ ti mọ Ọláoyè. Kò lè fi nǹkan kan sílẹ̀ láìlórúkọ. Ó fẹ́ kọ "Rẹ Bàbá Sílẹ̀". Ẹ̀rọ kò ní àmì ohùn, àyè lẹ́tà rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ó gé e, ó kọ BABA SILE.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní orin kìíní, Bàbá ti ọ̀pá rẹ̀ lọ sókè bí ìṣe rẹ̀. Orin parí, Ọláoyè fi ìka kan bọ́tìnnì bí ẹni tó ń gbọn eruku, ọ̀pá náà sì rọra rìn wálẹ̀. Bàbá wò ó. Ní orin kejì ó tún tì í sókè. Orin parí, ọ̀pá rìn wálẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá Ayọ̀rìndé gbé gìtá kúrò lọ́rùn, ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ míkísà náà.

"Bàbá Sílẹ̀," ó kà á sókè. Ó tún un kà. "Ọláoyè. Bàbá wo ló wà nílẹ̀?"

Adérẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í tún dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ dè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú.

"Ẹ̀rọ ni, sà," Ọláoyè sọ. "Ó há a sórí bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí?"

"Kò mọ̀ yín, sà."

"Ẹni tó mọ̀ mí ló kọ́ ọ nìyẹn." Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ tí mo kọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. O ò wá lè la ẹnu bá mi sọ̀rọ̀, o lọ bẹ òyìnbó lọ́wẹ̀."

Ọláoyè dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí dọ̀tí." Bàbá nu awò ojú rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti sún mọ́ ọn. "Mi ò gbọ́ gìtá mi. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni etí ọ̀tún ti ń lọ. Mo rò pé okùn rẹ̀ ló kú, mo pààrọ̀ okùn. Mo ń tì í sókè, mo ń tì í sókè, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń gbé adití dání lọ síbi orin? Uṣẹ́ yìí ni mo fi ń kúrò ní ulé láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ò bi mí pé níbo."

Ojú Mosúnmọ́lá yí sí ilẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń bínú sí etí kan.

Ìgbà náà ni àlàyé Olúgbénga lórí ihò mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí Ọláoyè. Kò tíì kan ilẹ̀kùn yẹn rárá. Ó gbé sípíkà kékeré kan wá sí apá òsì Bàbá, níbi tí etí ti dára, ó so ó mọ́ ihò tirẹ̀, ó sì ń wá ojú ewé tó yẹ kiri nínú gíláàsì náà.

"Bàbá, ẹ ta á. Ẹ sọ fún mi níbi tó bá ti tó."

Bàbá ń ta á, Ọláoyè ń fi kún un. "Kò tíì tó. Kò tíì tó. Ṣé o ń ṣahun ni?" Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Bàbá nìkan ló ń lọ. Ó ta orin kan látòkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà.

Ọláoyè mọ̀ pé ó ku ọ̀rọ̀ kan. "Sà, ti inú sípíkà yín nìyẹn. Ti àwọn ará ìjọ..." Ó na ìka sí ọ̀pá gìtá. "Ní ti ìjọ, mo rẹ̀ yín sílẹ̀."

"Ṣé mò ń gbọ́ ara mi?"

"Ẹ ń gbọ́, sà."

"Rẹ̀ mí sílẹ̀ nígbà náà." Ó tún gíláàsì náà wò. "Má sì pa orúkọ yẹn rẹ́. Ó kéré tán, ẹ̀rọ sọ tirẹ̀ lójú mi."

Bí wọ́n ṣe mú dìjítà nìyẹn. Kì í ṣe nítorí ọ̀pá tó ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Ọláoyè tìtorí rẹ̀ gbé e wálé.

Ní Ìyìn-Èkìtì, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, iná lọ láàárín orin kejì. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, míkísà jókòó, ó ń ronú, pásítọ̀ sì fi halelúyà mẹ́rìnlá dí àyè náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀pá gbéra fúnra wọn, wọ́n sì rìn lọ sí ipò wọn. Obìnrin kan tó wà níwájú rí i, ó kúnlẹ̀. Ọláoyè rò ó bóyá kí òun ṣàlàyé mọ́tò fún un, ó fi í sílẹ̀.

Bàbá ń fi etí òsì tẹ̀ sí sípíkà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún gìtá ara rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé e ga, Adérẹ̀mí na ọwọ́, ó rántí pé òun kò mọ ojú ewé tó yẹ, ó sì fà á padà. Mosúnmọ́lá kọ orin Èkìtì kan tí wọ́n ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè rárá.

Lẹ́yìn ìsìn, wọn kò tíì ká wáyà tán nígbà tí ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ó dúró níwájú Mosúnmọ́lá.

"Ìwọ lo kọrin yẹn?"

"Èmi ni, Mà."

"O ṣeun. Ẹsẹ kejì, o pè é ní 'ilé'. 'Ulé' ni wọ́n ń pè é. Orin Èkìtì ni. Má bá wa sọ ọ́ di ti Ọ̀yọ́."

Ó yí padà, ó ń lọ. Ọdún méjì ni Mosúnmọ́lá ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín Èkìtì, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ débi tí yóò ta kò ó rí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá náà títí ó fi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ọláoyè.

"Bùrọ̀dá, ọjọ́ wo ni ìdánrawò?"

"Ọjọ́rú."

"Ẹ jẹ́ ká tún gbé ẹsẹ kejì yẹn yẹ̀ wò," ó ní, ó sì mú ìdí wáyà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.