Ọkọ Ìyàwó Inú Kúlà

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi eyín tuntun tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sí mi lẹ́nu búra. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí bọ́ọ̀sì Bx13 máa rí mi létí títì nínú yìnyín, kí ó sì máa kọjá lọ. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ gun òkè Highbridge tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí rí yóò mọ̀ pé ìbúra kékeré kọ́ nìyẹn.

Ìtàn Àpèkẹ́ ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, òkè orí mi gan-an ló sì ń gbé nínú ilé alájà wa. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Á lọ sílé onílé láàárọ̀, á wẹ àwọn tí kò lè wẹ ara wọn mọ́, á fún wọn lóògùn, á gba èébú lẹ́nu àwọn tí iyè wọn ti ra, á sì wọ sọ́bùwé, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, padà sílé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò bímọ. Ọkọ tó mú un wá sí Amẹ́ríkà retí ọmọ títí ó fi sú u, ó bá tirẹ̀ lọ sí Texas. Àwa tí a mọ Àpèkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ọmọ lójú rẹ̀.

Fúnṣọ́ ni ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó máa bínú sí. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun nísàlẹ̀ òkè, nítòsí 161st Street. Ní ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àpótí gíláàsì ńlá kan wà, tó kún fún ẹja dískọ́ọ̀sì. Bí ẹ kò bá rí dískọ́ọ̀sì rí, ẹ fojú inú wo abọ́ pẹrẹsẹ tí ẹnì kan gbé dúró lórí etí rẹ̀. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ epo pupa. Ẹ fún un lójú, kí ẹ wá fún un ní ìgbéraga. Òun nìyẹn. Kì í sáré kiri bí ẹja yòókù. Ńṣe ló ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìyá ìjọ tó pẹ́ dé, tó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí gèlè òun.

Nígbà tí ìyá Fúnṣọ́ wà lórí àìsàn ikú, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, Àpèkẹ́ ló tọ́jú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yà níbẹ̀, á nu ara ìyá, á fi àdí pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó máa lọ, á dúró díẹ̀ níwájú gíláàsì, á máa wo ẹja. Ìyá náà rí i. Lọ́jọ́ tí èmi náà lọ kí i, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Fúnṣọ́, bí mo bá lọ, kí o fún Àpèkẹ́ ní tọkọtaya nínú ẹja rẹ. Kí òun náà rí ohun tí yóò máa bí nínú ilé rẹ̀."

Fúnṣọ́ ní òun ti gbọ́. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé ẹja méjì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀rá olómi, ó nà án sókè níwájú gbogbo ìjọ.

"Ẹ̀yin ará, ọkọ àti ìyàwó nìyí! Èyí tó dára jù nínú ilé mi ni mo fún Sìsítà Àpèkẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Fúnṣọ́ kò mú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣẹ."

A pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò, a óò padà lò ó.

Àpèkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin dískọ́ọ̀sì, omi ni yóò kọ́kọ́ sìn. Omi náà gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí a fi ń wẹ ọmọ jòjòló, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ìlédìí. Ó ra hítà, ó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó wá da ìkòkò amọ̀ kan dé sísàlẹ̀ gíláàsì, torí ara irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yé ẹyin sí. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ọkàn màlúù. Ó rà á, ó lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ní bùlẹ́ńdà tí kì í rùn ata rodo? Àwọn ẹja fi ẹnu kan oúnjẹ náà, wọ́n tu ú, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i fún odindi ọ̀sẹ̀. Ó ra bùlẹ́ńdà tuntun fún ẹja. Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn, mi ò ní tuntun títí di òní.

Lọ́jọ́ kan ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lókè orí mi gbìgbì. Mo sáré gòkè. Àwọn ẹja ti fi ẹnu fọ ìkòkò amọ̀ náà mọ́ tónítóní, ẹyin sì tò sí ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké.

"Bàbá, wọ́n ti yé!"

Ó jó. Mo bá a jó, orúnkún mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo ẹyin náà fi funfun bí ìyẹ̀fun, wọ́n sì hu ewú. Wọ́n tún yé, ó tún funfun. Ẹ̀ẹ̀kẹta náà, bákan náà.

Ọ̀rọ̀ dé etí Fúnṣọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń jẹ ìrẹsì nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Ẹja tó ń bí wẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó dé ilé Sìsítà Àpèkẹ́, ó di àgàn. Àṣé inú ilé míì wà tí ọmọ kò ti lè yè, ẹja ò báà jẹ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wo inú abọ́ wọn. Fúnṣọ́ wá fọwọ́ lé e léjìká bí ẹni tó ń ṣàánú.

"Sìsítà, ẹ lọ da òróró ìyàsímímọ́ sí omi wọn. Ẹ fi ìgbàgbọ́ ṣe é."

Àpèkẹ́ gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí ọmọ ń wù kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó da ìgò òróró náà sínú gíláàsì pẹ̀lú àdúrà. Òróró bo ojú omi, atẹ́gùn kò wọlé mọ́. Nígbà tí yóò fi pè mí, àwọn ẹja ti ń la ẹnu lójú omi bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Pépà ìnuwọ́ la fi gbà wọ́n sílẹ̀. A ń tẹ́ ẹ sójú omi, ó ń fa òróró, a ń jù ú nù, títí a fi lo gbogbo èyí tó wà nínú ilé rẹ̀ àti nínú tèmi. Àpèkẹ́ kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó wọ sọ́bùwé lọ sí Flatbush, lọ́dọ̀ Susan, obìnrin Guyana kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, láti ra oògùn omi. Ó fi fídíò ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin hàn án lórí fóònù. Susan wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mádàámù, ọkọ dà? Ìyàwó méjì lẹ gbé sílé! Ẹ wo ọ̀pá kékeré abẹ́ ikùn wọn tí ẹyin ń gbà jáde. Ó nípọn nínú àwọn méjèèjì. Ti akọ máa ń ṣe ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ló ń yé, kò sí akọ tó ń tẹ̀lé wọn láti sọ ẹyin dọmọ. Ẹni tó bá ti sìn wọ́n pẹ́ kò lè ṣì í mú."

Fúnṣọ́ sì ti sìn wọ́n pẹ́. Nígbà tí Àpèkẹ́ padà dé, ó jókòó sórí àga mi, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Bàbá, ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì fi mí ṣẹ̀sín níwájú ìjọ. Ó pè mí lágàn tán, ó tún fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa wọ́n."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ọkọ tí ìyá rẹ̀ ní kó fún mi ni mo fẹ́. Ẹnu tó fi bú mi ló máa fi sọ pé tèmi ni."

Ẹ ò rí i pé èmi àgbàlagbà ni ó yẹ kí n pẹ̀tù sí i nínú. Ńṣe ni mo bi í bóyá kúlà ìrẹsì rẹ̀ tó ní ìdérí ṣì wà.

Nítorí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Fúnṣọ́ ń lọ sí Ìbàdàn fún ìrántí ìyá rẹ̀, ta ló sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún láti máa bọ́ ẹja? Èmi ni. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán." Mo ní kó lọ re, kó bọ̀ re.

Akọ kan ṣoṣo ló wà nínú gíláàsì Fúnṣọ́, pupa ni bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ya díẹ̀. Fúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí nígbà tó ń kọ́ mi ní bí màá ṣe bọ́ wọn. A gbé ọ̀kan nínú ìyàwó Àpèkẹ́ lọ nínú kúlà, a fi sílẹ̀ níbẹ̀, a gbé ọkọ bọ̀. Pàṣípààrọ̀ ni, kì í ṣe olè. Òtútù ọjọ́ náà lè mú irin sunkún, kúlà ló jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣì lọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá aláwọ̀ dúdú kan fi imú fa òórùn sí kúlà wa.

"Jọ́lọ́ọ̀fù ni?"

"Ọkọ ìyàwó ni," ni mo wí. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé náà tòrò.

Ọkọ dé, ó wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ. Wọ́n tẹríba fún ara wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n yé, wọ́n sì jẹ ẹyin náà. Àpèkẹ́ fẹ́ wó lulẹ̀, Susan ní kó ní sùúrù, pé òmùgọ̀ ni gbogbo òbí tuntun. Wọ́n tún yé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyin dúdú nínú, kò funfun, ìrù tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ já kúrò lára ìkòkò, wọ́n lọ lẹ̀ mọ́ ara bàbá àti ìyá wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lẹ máa rò pé mo fi iyọ̀ sí, òótọ́ ni: ẹja yìí kò lọ́mú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń sun oje, oje yẹn làwọn ọmọ ń jẹ. Bó bá rẹ ìyá, á gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ á sì ṣí lọ sára bàbá. Àpèkẹ́ dúró níwájú wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù kan, Fúnṣọ́ dé lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kó tó ráyè ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìpàdé àdúrà ilé kan Àpèkẹ́. Ó ti pe gbogbo ìjọ: ẹ wá bá mi sọmọ lórúkọ. Wọ́n rò pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni. Oyin wà lórí tábìlì, iyọ̀ wà, omi wà, aṣọ funfun sì bo nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fúnṣọ́ ni olórí àdúrà. Ó di àdúrà náà mú ṣinṣin.

"Ìwọ tó ń ṣí inú àgàn! Bùkún ọmọ yìí, bùkún ìyá rẹ̀, bùkún bàbá rẹ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ohun tó wà nínú ilé yìí kì í ṣe ti Àpèkẹ́, kí ojú tì í!"

Àmín wa mì fèrèsé. Tèmi ló dún jù.

"Ọmọ dà?" ni Ìyá Ìjọ bèèrè.

Àpèkẹ́ ṣí aṣọ. Àwọn obìnrin hó yèè. Ẹnì kan fẹ́ kà wọ́n, Ìyá Ìjọ gbá a lọ́wọ́: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Fúnṣọ́ ti rí lẹbẹ́ tó ya. Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó ṣú.

"Ẹja... ẹja yìí jọ tèmi."

"Kí ló dé tí kò ní jọ tiyín, Alàgbà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ fún mi. Ọkọ àti ìyàwó, ẹ nà án sókè níwájú ìjọ. Àbí ọkọ kọ́ lẹ fún mi ni?"

Gbogbo ìjọ kọjú sí Fúnṣọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Alàgbà, ẹ dá a lóhùn," ni Ìyá Ìjọ wí.

"Ọkọ ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ gbóhùn sókè, sà. Etí Bàbá ti ń wúwo," ni Àpèkẹ́ wí.

"Ọkọ ni mo fún ọ!"

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ wá súre fún un nígbà náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi gíláàsì. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn fáànù ti gbá fìlà rẹ̀ wọ inú omi, bàbá ọmọ sì yí i ká jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Àpèkẹ́ mú ìgò òróró wá.

"Ṣé kí n da èyí sí i, Alàgbà, àbí ìgbàgbọ́ yín ti tó?"

Láti ìgbà náà, kìkì ìyàwó ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù Fúnṣọ́. Wọ́n ń yé ẹyin lójú fèrèsé níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, ẹyin ń funfun, àwọn tó wá gẹrun sì ń bi í bóyá ilé ló fà á. Àpèkẹ́ máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Á dúró, á kí i: "Ẹ kú ìrètí, Alàgbà." Fúnṣọ́ wá bẹ̀ mí pé kí ọkọ yẹn wá lo ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dọ̀ òun. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, mo tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìdáríjì kún un, torí pé àgbà ni mí.

"Bàbá," Àpèkẹ́ wí, ó ń gbọn ọkàn màlúù sínú omi, "lọ́jọ́ tí ẹyin rẹ̀ bá pa ni màá dárí jì í."

Mo ti búra ní ìbẹ̀rẹ̀, eyín mi sì ṣì wúlò fún mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún ohun kékeré kan ṣe. Kò sí fáànù nínú ilé Àpèkẹ́. Àárín òtútù la wà, ta ló ń tan fáànù? Ẹ̀yìn Fúnṣọ́ ni mo dúró sí nígbà tí fìlà rẹ̀ ṣubú, ọwọ́ arúgbó sì máa ń gbọ̀n.